Irin Abẹ́ Ahoro: Ta Ló Yẹ Kó Wá A?

Bí ìlú bá tú, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ń bá a lọ. Òrùlé a jó tàbí kó jẹrà, ògiri alámọ̀ a wó di erùpẹ̀, igi òpó a di oúnjẹ ikán. Bó bá di ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sí i, àgbàdo tàbí àlìkámà ni yóò máa hù níbi tí ojúde ọba wà tẹ́lẹ̀. Irin, idẹ, òjé, fàdákà àti wúrà ló ń pẹ́ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé fi di ohun tó lágbára púpọ̀ nínú ìwádìí àwọn ahoro láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìtàn. Ẹ̀rọ aṣàwárí irin ni.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ṣòro gbọ́: nígbà tí ìlú àtijọ́ bá wà lábẹ́ oko, ta ló yẹ kó fi ẹ̀rọ yìí wá ohun tó kù níbẹ̀? Àwọn kan ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn kan ní kí ẹni tó bá wù ṣe é, kó ṣáà ti wá sọ ohun tó rí, kó sì gba owó rẹ̀. Àwọn kan ní awalẹ̀pìtàn ni kó máa darí ẹ̀rọ náà. Àwọn mìíràn ní kí gbogbo ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti gbé ìdáhùn tirẹ̀ sínú òfin, ó sì ti pẹ́ tó báyìí tí a fi lè wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbọ́, àti ohun tí kò gbọ́

Wáyà tí wọ́n ká róbótó ló wà ní ìdí ọ̀pá ẹ̀rọ náà. Iná bátìrì ń gba inú wáyà yìí kọjá, ó sì ń ta agbára mágnẹ́ẹ̀tì sínú ilẹ̀. Bí agbára náà bá kan irin, iná kékeré a bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri nínú irin ọ̀hún, irin náà a wá ta agbára tirẹ̀ padà sókè. Èyí ni ẹ̀rọ ń sọ di ohùn ní etí ẹni tó gbé e dání. Ohùn idẹ yàtọ̀ sí ti irin lásán, ẹni tó bá sì ti mọ̀ ọ́n lò dáadáa lè méfò ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó walẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń rà lọ́jà kì í sábà gbọ́ owó onírin kan ṣoṣo mọ́ bó bá ti jìn ju bí ọgbọ̀n sẹ̀ńtímítà lọ.

Ìlò rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìtàn rárá. Ní 1881, Alexander Graham Bell gbìyànjú láti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá ọta ìbọn tó wà lára Ààrẹ Garfield ti Amẹ́ríkà, kò sì rí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogun Poland kan, Józef Kosacki, ṣe èyí tí wọ́n fi ń wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì lò ó ní El Alamein ní 1942. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ náà ti fúyẹ́, owó rẹ̀ ti wálẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń gbé e lọ sóko ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ ìkòkò. Kò gbọ́ egungun, ìlẹ̀kẹ̀, eérú ààrò, tàbí ihò òpó tí igi rẹ̀ ti jẹrà tó ku àwọ̀ dúdú nínú erùpẹ̀. Bẹ́ẹ̀, irú nǹkan wọ̀nyí ni awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ìgbà tí ènìyàn gbé ibẹ̀ àti bí wọ́n ṣe gbé. Ibi tí nǹkan wà, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìpele ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀: nínú àwọn wọ̀nyí ni ìtàn rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fa idẹ kan yọ láìkọ ibi tó ti yọ ọ́ sílẹ̀ ti mú ohun kan dání, ó sì ti ba èyí tó níye lórí jù ú lọ jẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè tún un ṣe mọ́. Orí èyí ni gbogbo àríyànjiyàn yìí dúró lé.

Àwọn tó ní kí òfin dè é

Ireland ni àpẹẹrẹ tó hàn kedere. Ní oṣù kejì ọdún 1980, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ lọ sí Derrynaflan ní agbègbè Tipperary, ilẹ̀ kékeré kan láàárín àbàtà, níbi tí àwọn mọ́ńkì ti gbé nígbà láéláé kí ilé ìsìn wọn tó di ahoro. Wọ́n hú ife ìdàpọ̀ mímọ́ kan jáde tí a fi fàdákà ṣe, tí a fi wúrà dárà sí lára, pẹ̀lú àwo, ìdúró àwo àti asẹ́, gbogbo rẹ̀ ohun èlò ìsìn láti ọ̀rúndún kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Ẹjọ́ lórí ẹni tó ni wọ́n dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1987, àwọn adájọ́ ní irú ìṣúra bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ìjọba lórúkọ gbogbo ará ìlú. Lọ́dún kan náà ni wọ́n tún òfin ṣe: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ireland láìní ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ lórí oko ara rẹ̀.

Èrò yìí ní alátìlẹ́yìn káàkiri Yúróòpù. Àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Valletta, ní Málítà, ní 1992 rọ àwọn ìjọba láti fi lílo ẹ̀rọ yìí sábẹ́ àṣẹ níbi tí òfin wọn bá ti fàyè gbà á. Faransé ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 1989, Sweden náà sì ń béèrè ìwé àṣẹ.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Ọlọ́pàá kò nílò láti mọ iye ọdún tí owó kan ti lò nílẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wá nǹkan nínú ahoro láìgbàṣẹ ti rúfin. Ó sì fi ohun kan múlẹ̀ tí kò yẹ kó ṣòro fún Yorùbá láti gbà: ohun tí àwọn tó ti lọ fi sílẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ń pa òfin mọ́ nìkan ni òfin náà ń dá dúró. Ní Jámánì, ní 1999, àwọn méjì tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gun òkè Mittelberg nítòsí Nebra, wọ́n sì hú àwo idẹ kan jáde tí a fi wúrà ya oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ sí lára. Irin tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ ṣá a létí, ó sì ya lára wúrà rẹ̀ kúrò. Àwo náà kọjá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kí ọlọ́pàá tó dẹkùn mú àwọn tó ń tà á ní Basel, ní Swítsálándì, ní 2002. Lónìí ó wà ní mùsíọ́mù ìlú Halle, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó ti tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta ọdún. Síbẹ̀, ní 2020, àwọn onímọ̀ méjì dìde, wọ́n ní kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ àríyànjiyàn wọn lé orí pé kò sí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀ nígbà tó jáde. Ọ̀pọ̀ kò gbà pẹ̀lú wọn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé awalẹ̀pìtàn ló hú u, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí wáyé. Òfin wà ní Jámánì lọ́dún 1999, òfin náà kò sì gba àwo yẹn lọ́wọ́ irin tó ṣá a.

Àwọn tó ní kí ẹni tó rí i wá sọ, kó sì gbowó

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales gba ọ̀nà mìíràn, ahoro kan sì wà lára ohun tó tì wọ́n débẹ̀. Ní Wanborough, ní agbègbè Surrey, tẹ́ḿpìlì kan wà nígbà tí àwọn ará Róòmù ń jọba níbẹ̀, tí oko wá bò mọ́lẹ̀. Láàárín 1983 sí 1985, àwọn olè òru gbọ́ pé owó wúrà àti fàdákà wà níbẹ̀. Wọ́n ya bò ó, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà ní ihò-ihò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sì di ọjà títà. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn ríbi walẹ̀ tiwọn, adé àlùfáà tí wọ́n fi ṣéènì idẹ ṣe wà lára ìwọ̀nba tí wọ́n bá.

Òfin àtijọ́ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí ìjọba tó lè gba wúrà tàbí fàdákà, ó gbọ́dọ̀ hàn pé ẹni tó rì í mọ́lẹ̀ ní in lọ́kàn láti padà wá mú un. Ẹni tó gbé ọrẹ fún òrìṣà rẹ̀ kò ní in lọ́kàn láti gbà á padà. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fi rúbọ, tó lè sọ fún wa bí àwọn ènìyàn ṣe gbàdúrà, gan-an ni òfin fi sílẹ̀ láìdáàbò bò.

Òfin ìṣúra tuntun jáde ní 1996, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997. Kò béèrè ohun tó wà lọ́kàn òkú mọ́. Ohun tó bá ti lé ní 300 ọdún, tí ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ wúrà tàbí fàdákà, ìṣúra ni, bí kì í bá ti ṣe owó kan ṣoṣo. Ẹni tó rí i gbọ́dọ̀ sọ fún coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀, láàárín ọjọ́ 14. Bí mùsíọ́mù kan bá fẹ́ ẹ, ìgbìmọ̀ onímọ̀ a dá iye rẹ̀ bí ọjà ṣe ń lọ, ẹni tó rí i àti onílẹ̀ a sì sábà pín owó náà dọ́gba. Fún àwọn ohun tí kì í ṣe ìṣúra, wọ́n yan òṣìṣẹ́ sí agbègbè kọ̀ọ̀kan láti máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn oníẹ̀rọ, kí wọ́n ya fọ́tò ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n kọ ibi tó ti wá, kí wọ́n sì dá a padà fún wọn. Ohun tó ti wọ inú àkọsílẹ̀ yìí lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Kò sí bí àwọn awalẹ̀pìtàn nìkan ṣe lè kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ láàárín ìran kan.

Ohun tó dára jù lọ tó lè ti ọ̀nà yìí wá hàn ní Hoxne, ní Suffolk, ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, kí òfin tuntun náà tó dé. Eric Lawes gbé ẹ̀rọ lọ sínú oko kan láti bá àgbẹ̀ ibẹ̀ wá òòlù rẹ̀ tó sọnù. Ohun tó rí ni owó àti ṣíbí fàdákà. Nígbà tó rí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ó dáwọ́ dúró, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn aláṣẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn dé lọ́jọ́ kejì. Nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì wà nípò, wọ́n rí i pé inú àpótí onígi ni gbogbo rẹ̀ wà, pé àwọn àpótí kékeré wà nínú ti ńlá, àti bí ẹni tó dì í ṣe to ẹ̀gbà wúrà, ṣíbí àti owó sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó náà jẹ́ 14,865. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú, ó sì wà ní British Museum báyìí. Owó tí wọ́n san fún ìṣúra yìí lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn.

Ó yàtọ̀ sí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Staffordshire ní 2009. Níbẹ̀, ẹni tó rí ìṣúra náà fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dá a wà fúnra rẹ̀ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Bíi kílò mẹ́rin wúrà ló jáde, ohun èlò ogun àwọn ọmọ Anglo-Saxon, tí wọ́n dá iye rẹ̀ sí mílíọ̀nù 3.285 pọ́n-ùn. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn walẹ̀ níbẹ̀, wọn kò rí ibojì, wọn kò rí ilé. Kò ṣeé fi gbogbo ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà lé ẹni yẹn lórí, nítorí katakata ti tú ilẹ̀ yẹn tipẹ́, àfàìmọ̀ kí ìṣúra náà má tilẹ̀ ti túká pátápátá bí kò bá rí i nígbà tó rí i. Àwọn oníẹ̀rọ ń tẹnu mọ́ kókó yìí, òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Àléébù mẹ́ta ló wà lára ètò yìí. Èkíní, irú irin ni òfin fi ń díwọ̀n iyì. Ní 2010, wọ́n rí àṣíborí ẹlẹ́ṣin Róòmù kan ní Crosby Garrett, ní Cumbria, tó lójú bí ènìyàn. Idẹ ni, kì í ṣe wúrà, nítorí náà kì í ṣe ìṣúra lójú òfin. Wọ́n tà á ní gbàǹjo fún ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn, mùsíọ́mù Carlisle tó ń tọrọ owó kiri láti rà á kò sì rí i rà. Ọdún 2023 ni wọ́n tó tún òfin ṣe, kí ohun onírin tó lé ní 200 ọdún tó sì ní ìtumọ̀ pàtàkì fún ìtàn lè di ìṣúra láìka irú irin tó jẹ́ sí.

Èkejì, owó ń fa olójúkòkòrò mọ́ra. Ní 2015, àwọn méjì hú ìṣúra ìgbà Viking kan nítòsí Leominster, wọn kò sọ fún onílẹ̀, wọn kò sọ fún ìjọba, wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò. Ilé ẹjọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n ní 2019. Nínú nǹkan bí 300 owó fàdákà tí wọ́n gbà pé ó wà níbẹ̀, nǹkan bí 30 péré ni ọlọ́pàá rí gbà padà. Àwọn díẹ̀ tó wà nínú wọn ní àwòrán ọba méjì tó jókòó pọ̀, Alfred ti Wessex àti Ceolwulf ti Mercia, ẹ̀rí pé àwọn méjèèjì ṣe àjọṣe tí àwọn òpìtàn ọba Alfred kò kọ dáadáa. Ohun tí 270 tó kù ìbá sọ ti lọ.

Ẹ̀kẹta, fífi àwọn ohun tí kì í ṣe ìṣúra hàn wà lọ́wọ́ ìfẹ́ inú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kò rúfin.

Ọ̀nà Denmark

Denmark gba ẹ̀rọ náà láàyè bí onílẹ̀ bá yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ohun tí a rí ti parí níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàlá: ọba ló ni ín nígbà náà, ìjọba ló ni ín nísinsìnyí. Danefæ ni wọ́n ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mú un wá a gba owó, kókó kan sì wà nínú bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n owó yẹn tó yẹ kí orílẹ̀-èdè mìíràn wò dáadáa. Kì í ṣe irú irin àti bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún ń wo bí ẹni náà ṣe fara balẹ̀ tó nígbà tó ń hú u, àti bóyá ó kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀. Ìtọ́jú wá di ohun tó ń mówó wá. Láti 2018, áàpù kan tó ń jẹ́ DIME wà tí wọ́n lè fi kọ ibẹ̀ sílẹ̀ láti inú oko.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ní Vindelev, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ rẹ̀ rí wúrà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan, ó sì ké sí mùsíọ́mù. Ìwalẹ̀ fi hàn pé inú ilé ìjòyè kan ni wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ka orúkọ òrìṣà Odin lára ọ̀kan nínú àwọn àwo wúrà náà, èyí tó pẹ́ jù lọ nínú ibi tí a tíì rí orúkọ òrìṣà náà ní kíkọ.

Ètò yìí wuni lórí, ṣùgbọ́n orí ìfọkàntán láàárín ará ìlú àti mùsíọ́mù ló dúró lé, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí òfin nìkan lè dá sílẹ̀. Ó tún ti di ẹrù. Ohun tí àwọn ènìyàn ń mú wá pọ̀ débi pé ó ń pẹ́ kí mùsíọ́mù tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí awalẹ̀pìtàn bá darí ẹ̀rọ

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn ka ẹ̀rọ yìí sí ohun èlò olè. Ibi tí èrò wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ni Little Bighorn, ní Montana, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn jagunjagun Lakota àti Cheyenne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣẹ́gun ọ̀gágun Custer ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1876. Iná jó koríko ibẹ̀ ní 1983. Ní 1984, Douglas Scott àti Richard Fox kó àwọn oníẹ̀rọ tó yọ̀ǹda ara wọn jọ. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń rìn lọ ní ìlà, àlàfo kan náà láàárín ẹnì kan sí èkejì. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti dún, wọn kò hú u, àsíá kékeré ni wọ́n ń kì mọ́ ibẹ̀. Àwọn mìíràn ló ń tẹ̀lé wọn láti fara balẹ̀ ṣí ilẹ̀, àwọn ẹlẹ́kẹta a sì wọn ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé nǹkan kúrò.

Èèpo ọta ìbọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n wo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti gún ìdí ọta kọ̀ọ̀kan, bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣe nínú ẹjọ́ ìpànìyàn. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ní àpá tirẹ̀. Wọ́n fi èyí tọpa ìbọn kan náà láti ibì kan dé ibòmíràn lórí pápá ogun náà, wọ́n rí ibi tí ìlà àwọn ọmọ ogun Custer ti tú, wọ́n sì rí i pé ìbọn tó ń yìn lẹ́ẹ̀mélòó kan láìtún fi ọta sí i pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ju bí ìwé àtijọ́ ti wí lọ. Ìtàn tí àwọn àgbà Lakota àti Cheyenne ti ń sọ, tí ọ̀pọ̀ òpìtàn aláwọ̀ funfun kò kà sí, rí ẹ̀rí gbà láti inú ilẹ̀.

Rendlesham, ní Suffolk, tún ju ìyẹn lọ, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti bá wọn rí ìlú ọba tó ti pòórá. Òpìtàn àtijọ́ kan, Bede, dárúkọ ibẹ̀ nínú ìwé tó parí ní 731 gẹ́gẹ́ bí ibùdó ọba East Anglia, kò sì sí ohun kan lójú ilẹ̀ tó fi ibẹ̀ hàn mọ́. Nígbà tí àwọn olè òru ń da onílẹ̀ láàmú, ó pe àwọn awalẹ̀pìtàn ìjọba ìbílẹ̀. Láti 2008 sí 2014, oníẹ̀rọ mẹ́rin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ rin ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 150, wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwalẹ̀ wá ṣí ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn ńlá kan sílẹ̀ ní 2022, mítà 23 ní gígùn, mítà 10 ní ìbú. Ní Torksey, ní Lincolnshire, bákan náà ni. Àgọ́ tí àwọn ọmọ ogun Viking fi ọ̀gìnnìtìn 872 sí 873 gbé kò fi ilé kankan sílẹ̀, ìbá má sí owó fàdákà àwọn Lárúbáwá tó lé ní ọgọ́rùn-ún, òṣùwọ̀n òjé àti ọmọ ayò tí àwọn oníẹ̀rọ rí, a kì bá tí mọ bó ṣe fẹ̀ tó.

Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀? Owó àti àkókò. Ọdún mẹ́fà lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe ohun tí ìjọba púpọ̀ lè gbé. Bí ẹ̀rọ bá sì ti fi hàn ayé pé ibì kan ní wúrà, olè a gbọ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọ̀nà tí a yẹ̀ wò, èyí ni èso rẹ̀ dájú jù lọ, nítorí òun nìkan ló bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbéèrè kan nípa ìlú tàbí ogun, tí kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tó ṣeé rí mú.

Àwọn tó ní kó máa sùn níbẹ̀

Èrò kejì láàárín awalẹ̀pìtàn ni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mùsíọ́mù tó dára jù, pé àwọn tó ń bọ̀ yóò ní irinṣẹ́ tó sàn ju tiwa lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni fún ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú, bí abẹ́ igbó tàbí abẹ́ àbàtà. Ṣùgbọ́n lórí oko tí katakata ń tú lọ́dọọdún, kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ ìtúlẹ̀ ń ṣẹ́ idẹ, ajílẹ̀ ń jẹ ẹ́, ohun tó sì wà láàárín ọgbọ̀n sẹ̀ńtímítà àkọ́kọ́ ti kúrò nípò rẹ̀ tipẹ́. Ìyàtọ̀ ilẹ̀ méjì yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ òfin ti kà á sí lọ. Wíwá nǹkan nínú ilẹ̀ tí katakata ti dà rú lè jẹ́ ìgbàlà. Gbígbẹ́ kọjá rẹ̀ dé ìpele tó ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ jẹ́ ìbàjẹ́, ìbáà jẹ́ ẹni rere ló ṣe é.

Àwọn ahoro tiwa

Ní Nàìjíríà, òfin tó dá àjọ mùsíọ́mù àti àwọn ibi ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1979 ti sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàṣẹ. Nítorí náà, lórí ìwé, a wà lọ́dọ̀ àwọn tó ní kí òfin dè é. Ohun tó yàtọ̀ ni irú ahoro tí a ní.

Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, ó sì wà nínú ọgbà ìgbẹ́ ìjọba báyìí, pẹ̀lú odi rẹ̀ àti àpáàdì tó fọ́n káàkiri ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó lè sọ ìtàn ibẹ̀ ni ẹ̀rọ aṣàwárí irin kò ní gbọ́. Níbi tí àwọn baba wa bá sì ti yọ́ irin, ìdàrọ́ yóò máa dún létí oníẹ̀rọ láìdáwọ́ dúró. Ilé-Ifẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: àwọn orí amọ̀ rẹ̀, ojú ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, àti ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókùn tí àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ kí Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, tó débẹ̀ ní 1910, kò sí èyí tí ẹ̀rọ náà mọ̀ nínú wọn. Nígbà tí àwọn tó ń ta ère Nok sókè òkun ba ilẹ̀ àríwá jẹ́ ní àwọn ọdún 1990, ọkọ́ ni wọ́n lò.

Síbẹ̀, a mọ iye tí ohun onírin tí kò ní àkọsílẹ̀ ń ná ni. Àwọn orí idẹ tí wọ́n rí ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, kò sí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀ láti kọ ipò wọn sílẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sí British Museum, méjì bọ́ sí ọwọ́ ará Amẹ́ríkà kan tó dá wọn padà ní 1950. Títí dòní, ohun tí a mọ̀ nípa ọjọ́ orí wọn, láti ara àyẹ̀wò amọ̀ tó kù nínú irú idẹ bẹ́ẹ̀ àti láti ara ìwalẹ̀ ní ibòmíràn ní Ifẹ̀ ni a ti fà á yọ. Kí ni wọ́n ń ṣe ní ibi tí wọ́n wà, ta ló sì rì wọ́n mọ́lẹ̀? Ilẹ̀ tó lè dáhùn ti dà rú.

Fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ yìí wù ú láti gbé, ọ̀rọ̀ náà kúrú: kó gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kó tó wọ oko rẹ̀, kó má dé ibi tí ìjọba ń dáàbò bò, kó sì gba ìwé àṣẹ àwọn aláṣẹ èbúté Lọ́ndọ̀nù kó tó wá nǹkan létí odò Thames.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ohun àkọ́kọ́ tí kò tíì yanjú ni iye ohun tí kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní 2017, Samuel Hardy gbé ìṣirò kan jáde tó fi sọ pé òfin tó fàyè gba ẹ̀rọ kò dín ìpalára kù ju òfin tó dè é lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní Yúróòpù ta ko bó ṣe ṣe ìṣirò náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ń díwọ̀n ohun tí àwọn tó ń ṣe é fi pamọ́, kò sì tíì sí òṣùwọ̀n tí gbogbo wọn gbà.

Bóyá owó ń mú kí wọ́n sọ òótọ́ ni, tàbí òun ló ń rán wọn lọ sí oko tí wọn ì bá má dé, kò tíì hàn. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì sọ èyí tó tẹ̀wọ̀n jù. Àbá Denmark láti fi owó san ìtọ́jú ṣì ń dúró de orílẹ̀-èdè ńlá tí yóò dán an wò.

Ẹ̀rọ tuntun ń gbọ́ ohun tó jìn sí i, bẹ́ẹ̀ òfin púpọ̀ ni kò tíì sọ ìwọ̀n ibi tí oníẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró kó tó kan ìpele tí katakata kò dé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀: onímọ̀ fẹ́ kí ibi tí a ti rí nǹkan wà ní gbangba kí ó lè ṣiṣẹ́, onílẹ̀ fẹ́ kó pamọ́ kí olè má bàa dé.

Ní tiwa, ó kù láti pinnu bóyá awalẹ̀pìtàn Nàìjíríà yóò gbé ẹ̀rọ yìí wọ Ọ̀yọ́-Ilé bí wọ́n ṣe gbé e wọ Rendlesham, ta ni yóò sanwó rẹ̀, ibo ni wọn yóò tọ́jú irin tó bá jáde kí ìpẹtà má jẹ ẹ́ tán, àti ohùn tí Ọ̀yọ́ tòní yóò ní lórí ilẹ̀ tí àwọn baba rẹ̀ fi sílẹ̀.